Gáìdì Ní Ọwọ́ Ọ̀rẹ́ Mi Kò Kán

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí díẹ̀. Ohun tí ojú mi rí lórí omi ní summer tó kọjá yìí ṣì ń bí mi nínú débi pé bí mo bá ń fọ abọ́, màá kàn dédé máa dá sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ní kí n kọ ọ́ síbí, bóyá n ó lè sinmi. Ó dáa, mo ti ń kọ ọ́ báyìí o!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, DeSoto níhìn-ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, ni mò ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi Yétúndé ń gbé ní Mansfield, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. A jọ kàwé ní Ìbàdàn, a tún wá bá ara wa ní Dallas. Nígbà tí Yétúndé fẹ́ pé ogójì ọdún, ó ní òun ò fẹ́ gbọ̀ngàn, òun ò fẹ́ kéèkì, òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni se ìrẹsì kankan. Ó ní òun fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ rọ́bà lórí odò kan tó ń gba àárín òkúta kọjá ní Utah.

Kányọ̀n ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀. Ògiri òkúta pupa lọ́tùn-ún, ògiri òkúta pupa lósì, odò nísàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ ó fi wà nínú rẹ̀, etí odò lẹ ó máa sùn nínú tẹ́ǹtì. Kò sí ọ̀nà mọ́tò, kò sí network. Tí ẹ bá ti wọlé, omi ló máa gbé yín jáde.

Mo ní, "Yétúndé, ṣé orí rẹ pé báyìí?"

Ó ní, "Orí mi pé, Mọjí. Ṣé o máa bá mi lọ àbí o ò ní bá mi lọ?"

Kí ni kí n ṣe? Mo bá a lọ.

Ọ̀gá àwọn gáìdì tó ń mú wa lọ ń jẹ́ Brad. Ó ga, oòrùn ti sun ojú rẹ̀ pupa, ó sì máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi pa wá lẹ́rìn-ín. Gáìdì kejì ni Kelly, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ méjì la ní. Brad ń darí èyí tí àwa wà nínú rẹ̀, Kelly ń darí ìkejì, òun ló sì kó ẹrù. Àwọn tí a jọ lọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi Linda sọ́kàn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun àti ọkọ rẹ̀ wá láti Oklahoma.

Brad kọ́kọ́ bi wá bóyá a lè lúwẹ̀ẹ́. Yétúndé ní òun ń kọ́ ọ ni. Mo ní èmi lè lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, pé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà, pé apẹja ni bàbá mi. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó bi mí bóyá kìnnìún ò dí wa lọ́wọ́ láti wẹ̀!

Kìnnìún ní Ẹ̀pẹ́! Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Linda ò rẹ́rìn-ín. Èmi gbé e mì, torí birthday ọ̀rẹ́ mi ni a wá ṣe, mi ò wá jà.

N ò ní purọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn dùn. Omi rọra ń gbé wa lọ, ẹyẹ ń fò lókè, Yétúndé ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n fún wa ní ẹja sísun níròlẹ́, ó fa ata gígún yọ láti inú báàgì rẹ̀, ó sì bù ú fún Linda náà. Ojú Linda pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó ní kí ó tún bù sí i!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. À ń wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì wa, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, Yétúndé wá rí i pé ìkọ́ tó yẹ kó há a láyà ti ṣẹ́. Ó fi han Brad. Brad fa okùn tín-ín-rín kan yọ, ó so ó, ó gbá a léjìká, ó ní, "You're good."

Mo ní kò good rárá. Mo bi í bóyá kò sí òmíràn. Ó ní òmíràn wà, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹrù ló wà nínú ọkọ̀ Kelly, wọ́n sì ti di ẹrù yẹn tán, tí wọ́n bá ní kí wọ́n tún tú u, yóò dá wa dúró. Mo ní kó dá wa dúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ma'am, relax."

Relax! Ṣé ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń rí létí obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta? Kelly wà níbẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Yétúndé ní kí n jẹ́ kó lọ, pé òun ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àwa ni a ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ wò ó, àwa náà! Kí wọ́n má bàa sọ pé, kí wọ́n má bàa sọ pé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ ọkọ̀.

Kò pẹ́ tí a fi dé ibi tí omi ti ń hó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wé odò kankan tí ẹ mọ̀ nílé. Omi yẹn ń bú ramúramù, ó ń ru, ó funfun bí ọṣẹ. Brad ń pariwo pé kí a tukọ̀ síwájú, kí a tukọ̀ síwájú! Imú ọkọ̀ wa forí sọ òkúta, ẹ̀gbẹ́ kan gbéra sókè. Nígbà tí mo máa fi nu omi kúrò lójú, ibi tí Yétúndé jókòó sí ti ṣófo.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kígbe, èmi ni. Mo rí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó léfòó. Yétúndé ò sí nínú rẹ̀!

Mo fẹ́ bẹ́ sómi. Ọkọ Linda di aṣọ mi mú látẹ̀yìn, kò jẹ́ kí n lọ, ọkọ̀ wa sì ti ń sáré kọjá ibẹ̀. Mo yí ojú padà, mo rí orí rẹ̀ lẹ́yìn wa, omi gbé e lu òkúta kan, ó gbé e kúrò níbẹ̀, ó tún gbé e lu òmíràn. Kelly tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ju okùn sí i. Ọwọ́ òsì nìkan ni Yétúndé fi dì í mú. Kelly fà á wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń fa àwọ̀n.

Ó wà láàyè. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gúnlẹ̀ tí mo wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọrùn ọwọ́ ti tẹ̀ bí ṣíbí tí ọmọdé tẹ̀. Ó ti wú. Àwọn ìka rẹ̀ tutù. Mo tẹ èékánná rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò tètè padà síbẹ̀. Mo fọwọ́ kan àtàǹpàkò rẹ̀, mo ní ṣé ó mọ̀ ọ́n lára. Ó ní, "Mọjí, mi ò mọ nǹkan kan."

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ń kà á, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Eegun ti kán, ó sì ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Mo fi igi àti báńdéèjì dè é. Mo lọ bá Brad, mo ní kó fi fóònù sátẹ́láìtì rẹ̀, èyí tí kò nílò network, pe hẹlikọ́pítà.

Brad wò ó láti òkèèrè. Láti òkèèrè o! Ó ní kò kán, ó kàn rọ́ ni. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, kí a fún un ní oògùn ìrora Tylenol, a ó kúkú jáde lọ́túnla. Ó ní tí òun bá pe hẹlikọ́pítà, òun á ba ìrìn àjò gbogbo ènìyàn jẹ́. Ó wá ní, "She's tough. You folks are strong."

Ta ni "you folks"? Strong fún ta ni? Torí pé Yétúndé ò sunkún, kò dùn ún nìyẹn? Obìnrin tó fi eyín gé ètè ara rẹ̀ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀! Mo ti rí irú ìwà yìí níbi iṣẹ́ mi kí n tó rí i níbẹ̀. Obìnrin dúdú á ní ó ń dun òun, wọ́n á ní kó ṣì dúró ná. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú mi dé inú kányọ̀n.

Brad ní kí gbogbo wa padà sínú ọkọ̀. Mo bá jókòó sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yétúndé. Mo sọ fún Brad pé ọwọ́ yìí lè kú kí a tó fi omi jáde, àti pé ọkọ̀ rẹ̀ ò ní gbé wa lọ síbì kankan. Ó yíjú sí àwọn yòókù, ó ní ẹ̀rù ló ń bà mí, pé kí wọ́n ní sùúrù.

Linda ló kọ́kọ́ dìde. Ó rọra fi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún rìn wá, ó jókòó tì wá lórí iyanrìn. Ó ní, "Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ ẹni tó gbọ́rọ̀ tí kò fẹ́ gbà á. Nọ́ọ̀sì ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀, Brad. Pè wọ́n."

Ọkọ rẹ̀ náà jókòó. Ẹlòmíràn náà jókòó. Nígbà tó yá, Brad nìkan ló dúró sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà kò sì ní èrò. Ó pè wọ́n.

Bí a ṣe ń dúró, Yétúndé ní, "Mo ti ba birthday ara mi jẹ́." Mo ní kò ba nǹkan kan jẹ́. Ó ní, "Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun ni o." A bú sẹ́rìn-ín, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́ẹ̀kan náà.

Hẹlikọ́pítà dé. Ẹ gbọ́ o: èèyàn kan péré ni àyè rẹ̀ gbà! Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi lọ, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ nínú kányọ̀n pẹ̀lú Brad. Ẹ rò ó wò! Ọkọ̀ Kelly ni mo wọ̀ láti ìgbà náà.

Nígbà tí a ń jẹun níròlẹ́, Brad ti ń sọ ìtàn fún àwọn èèyàn. Ó ní Yétúndé ló tú jákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ torí pé ó há jù, pé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn tí èèyàn ò bá tẹ̀ lé ìtọ́ni.

Abọ́ wà lórí itan mi. Mo gbé e sílẹ̀. Mi ò pariwo. Mo ní, "Irọ́ lo pa. Ìkọ́ ti ṣẹ́, ó fi hàn ọ́, mo ní kí o fún un ní òmíràn, o ní kí n relax." Ó ní òun ò rántí i bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni Kelly gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Brad, mo wà níbẹ̀. Ó sọ fún ẹ, mo sì gbọ́. Ó yẹ kí n ti tú ẹrù yẹn."

Brad dìde, ó lọ fọ abọ́. Títí a fi jáde, kò ní kí n má bínú. Kódà kò bi mí bóyá Yétúndé wà láàyè!

Nígbà tí fóònù mi rí network, ohun tí ọkọ mi kọ ránṣẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé; wọ́n ti pè é láti ọsibítù. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Yétúndé. Eegun kán síbi méjì. Dókítà ní ká ní a dúró láti fi omi jáde ni, ó ṣeé ṣe kó má ní ọwọ́ yẹn mọ́.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? A padà dé Dallas, mo lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday, màmá kan dá mi dúró níbi tí a ń páàkì sí. Wọ́n ní kí ni a wá lọ ṣe níbẹ̀, ṣé eré tiwa nìyẹn? Mo kúnlẹ̀ kí wọn, torí àgbà ni wọ́n. Mo ní, "Mà, ẹ má bínú. Omi ò ṣẹ̀ wá. Ẹni tó ní kò dùn wá ló ṣẹ̀ wá." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó dáa náà." Wọ́n wọ mọ́tò wọn.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà pe Yétúndé, ó ní àwọn kẹ́dùn pé ó ní irú experience bẹ́ẹ̀. Experience! Kelly náà pè é. Ó ní òun ti sọ ohun tí òun rí fún wọn, wọn ò sì jẹ́ kí Brad darí ọkọ̀ mọ́ títí wọ́n á fi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ṣé ó tẹ́ mi lọ́rùn? Rárá o! Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Kelly.

Irin wà nínú ọwọ́ Yétúndé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ọwọ́ náà ṣí ìdérí ìgò omi, ó sì pè mí lórí video kí n wá wò ó. Mo wà ní ẹnu iṣẹ́. Mo pàtẹ́wọ́ ní hallway títí èèyàn fi yọjú.

Ohun tí mo kọ́ rèé: bí nǹkan bá ti ṣẹ́, má ṣe wọ ọkọ̀ nítorí kí wọ́n má bàa pè ọ́ ní oníwàhálà. Jókòó sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá sì rí ẹni tó dá jókòó, má fọwọ́ lẹ́rán máa wò ó, lọ jókòó tì í.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ní ọsibítù ni, ní ibi iṣẹ́ ni, níbikíbi: ta ló ti wo ojú yín rí, tó ní ibi tó ń dùn yín ò dùn yín? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ má gé e kúrú. Gbogbo rẹ̀ ni n ó kà, mo sì gbà yín gbọ́.