Aràn Inú Ẹ̀jẹ̀ Olóyè

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Fuatino nígbà tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọ́kọ́ wú. Kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún, jàbùtẹ̀ ti sọ ẹsẹ̀ náà di òpó, àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì rọra yẹra láìdágbére. Láti ìgbà náà títí ó fi darúgbó, ẹní ló ń hun ní erékùṣù Savaii, aṣọ gígùn ló sì fi ń bo ẹsẹ̀.

Àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ọmọ ìyá àfòmọ́ ni aràn tó ń fa jàbùtẹ̀. Ara ẹni ẹlẹ́ni ló fi ń ṣelé, ẹ̀fọn ló sì ń bá a gbé ọmọ kiri. Ẹni tó wà lára rẹ̀ lè máà mọ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín oògùn fún gbogbo ènìyàn lọ́dọọdún, àtẹni tó ń ṣàìsàn àtẹni tí ara rẹ̀ le.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé wò, wọ́n bá aràn náà lára Lusia, ọmọ ọdún méje tí Fuatino ń tọ́. Ọmọ-ọmọ Ioane ni, Ioane tó jẹ́ àbúrò Fuatino àti olóyè ilé wọn. Lọ́jọ́ kejì, Fuatino ń gbá òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé, nídìí òpó tí Ioane máa ń fẹ̀yìn tì, ló bá rí hóró oògùn ọdọọdún náà mẹ́ta tí wọ́n tu dànù, itọ́ ti yọ́ wọn díẹ̀. Inú bí i, ó sì lọ gba oògùn tuntun lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé kókò àti ẹja kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í jẹun kí olóyè tó jẹ. Fuatino jókòó ti oúnjẹ Ioane, ó gbé oògùn tuntun síwájú rẹ̀.

“Gbé e mì.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi le. Aláìsàn ló ni oògùn. Ẹ jẹ́ ká jẹun, ebi ń pa àwọn ọmọ.”

Àwọn ọkùnrin ilé rẹ́rìn-ín sínú. Àwọn náà ti tu tiwọn.

Fuatino ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ náà, títí dé orúnkún, lójú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Èèwọ̀ ńlá ni nílẹ̀ wọn. Gbogbo wọn yíjú.

“Má yíjú, Ioane. Wò ó dáadáa. Ara tèmi náà le nígbà kan. Ohun tí ò ń bọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ nìyí, o sì ti bù ú fún Lusia.”

Ioane gbé oògùn náà, ó fi omi àgbọn gbé e mì.

“Lanu. Gbé ahọ́n sókè.”

Olóyè lanu bí ọmọdé. Fuatino yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbé ìyókù oògùn síwájú àwọn ọkùnrin náà.

“Ọdún mélòó lo ti ń tu ú?”

Ioane ń wo Lusia. Fuatino gba àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, ó gbé e fún Lusia, ó ní kí ó kọ́kọ́ jẹ.