Ayé Kẹta Kì Í Ṣe Ayé Òtòṣì

Ìwé ẹ̀sùn tí mo ti kọ láyé mi kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ sí ilé-ìwé ọmọbìnrin mi níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fi ń yangàn jù. Wọ́n ń ṣe ìdánwò láti wá àwọn ọmọ tí yóò lọ bá ti Odògbólú díje. Ẹni tó bá gba ogún nínú ogún ló máa lọ. Ọmọ mi gba mọ́kàndínlógún.

"Kí ni ayé kẹta?" ló pa á lára. Ó kọ ọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò tẹ̀lé Amẹ́ríkà, tí kò sì tẹ̀lé Rọ́ṣíà, nígbà tí àwọn méjèèjì ń halẹ̀ mọ́ra wọn. Tíṣà fi bírò pupa fagi lé e, ó kọ "àwọn orílẹ̀-èdè òtòṣì" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi sunkún títí ẹ̀bà iwájú rẹ̀ fi le bí òkúta.

Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin. Lọ́jọ́ Ajé, mo bá tíṣà náà lọ́fíìsì ọ̀gá àgbà.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ̀yin náà ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Tí regbéregbé, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, bá ń lọ kí ọba, ṣebí ẹgbẹ́ àgbà ló ń ṣíwájú? Ẹnì kẹta ò lè bá ẹnì kìíní dọ́gba."

Inú bí mi, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí. Ọkùnrin yìí ti to gbogbo ayé bí ẹni ń tò wọ́n fún Ojúde Ọba!

"Tíṣà, ta ló ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n? Ẹni méjì ló ń jà, ẹnì kẹta ní òun ò bá wọn dá sí i. Ará Faransé kan ló sọ wọ́n lórúkọ náà, ó fi wọ́n wé àwọn gbáàtúù ilẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ tí àwọn ọlọ́lá kò kà sí. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú wọn ò lówó, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìtumọ̀ ẹ̀."

Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pe ọmọ mi. Nígbà tó dé, tíṣà kọjú sí i.

"Swítsáláńdì ńkọ́? Àwọn náà ò tẹ̀lé ẹnì kan. Ṣé ayé kẹta ni wọ́n, pẹ̀lú gbogbo owó wọn?"

N kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ọmọ mi wò mí, mo wo òrùlé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tá a bá tẹ̀lé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀. Ìyẹn ló fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó."

Ọ̀gá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ fún un ní máàkì ẹ̀, kó máa múra Odògbólú."

"Ọmọ yín le o, ẹ̀gbọ́n! Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí wa mọ́."

Ó kọ ogún. Mo dúró tì í, mo ní kó buwọ́ lù ú, kó fi déètì sí i.