Oúnjẹ Tí Mò Ń Gbé Lọ Sẹ́yìn Mọ́ṣáláṣí

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé ìró orógùn lára ìkòkò ló ń jí mi lóṣù àwẹ̀, kì í ṣe ohùn àwọn tó ń jíni sí sààrì. Ìyàwó mi á máa ro àmàlà láfún, òórùn ọbẹ̀ ìlasà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, itọ́ á sì ti kún ẹnu mi kí n tó lajú tán. Ní àwọn ọdún 1980 nìyẹn, nígbà tí mò ń ránṣọ ní Igbó-Ọrà, tí ara mi sì tóbi débi pé aṣọ tí mo bá rán fún ara mi, èèyàn méjì lè pín in wọ̀. Àwọn oníbàárà mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n á ní, "Télọ̀, ṣé aṣọ tiyín lẹ̀ ń rán ni, àbí ẹ fẹ́ fi bo mọ́tò?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí pé nílùú wa nígbà náà, ẹni tó sanra ni wọ́n ń pè ní ẹni tí ayé yẹ.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni bí mo ṣe ń jẹun. Bí kì í bá ṣe oṣù àwẹ̀, màá jẹ lọ́dọ̀ ìyàwó mi láàárọ̀. Màá yà sílé ìyá mi bí ẹni tó fẹ́ kí i lásán, màá jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Màá tún ra ẹ̀kọ àti àkàrà wọ ṣọ́ọ̀bù, màá sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn kọ́tìnì tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò. Bí àwọn obìnrin Fúlàní bá gbé wàrà kọjá, wọn kì í kígbe títí kí n tó dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fọwọ́ tán ni ẹ̀rù á bà mí. Láti kékeré ni àáfà tó kọ́ mi ní kéú ti kọ́ wa pé kí onígbàgbọ́ òdodo pín ikùn rẹ̀ sí mẹ́ta: apá kan fún oúnjẹ, apá kan fún omi, apá kan fún èémí. Mo mọ ẹ̀kọ́ náà lórí. Àmọ́ n kò fi àyè sílẹ̀ fún èémí rí. Màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run pẹ̀lú ọwọ́ tí òórùn ọbẹ̀ kò tíì kúrò lára rẹ̀, màá ṣèlérí, ó di ìgbà tí orógùn bá tún dún.

Oṣù àwẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé láti ìdájí títí di àṣálẹ́, ọkàn mi á sinmi. Bí a bá ṣínu tán ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Màá jẹ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé oúnjẹ fẹ́ tán láyé, tó fi jẹ́ pé bí a bá dé ìdí ìrun àṣámù, àtitẹ̀ ní rúkúù á di iṣẹ́ ńlá. Nígbà kan, mo gùnfẹ̀ lórí ìlà, gbogbo mọ́ṣáláṣí gbọ́. Nígbà tí a kírun tán, àáfà mi, tó ti dàgbà gan-an nígbà náà, wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ń kírun níbẹ̀ yẹn, ìwọ ni àbí láfún?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo délé, mo jẹ èyí tó kù.

N kò mọ̀ pé ọgbẹ́ wà nínú mi. Ìrora kan máa ń dé. Bí mo bá jẹun á lọ, bó bá tún dé, màá tún jẹ. Mo rò pé ebi ni. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ṣùgbọ́n lójú tèmi, àwọn tó ń jẹ ohun olóhun ni wọ́n ń fi òwe yẹn bá wí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń gé aṣọ lọ́wọ́ ni èébì gbé mi, ẹ̀jẹ̀ sì ni mo bì. Wọ́n gbé mi sínú takisí, a gba Èrúwà lọ sí Ìbàdàn. Ìyàwó mi gbé orí mi lé itan, ó ń pe Ọlọ́run ní gbogbo kòtò tí mọ́tò bá kó sí.

Wọ́n là mí nínú nílé ìwòsàn, wọ́n sì gé èyí tó pọ̀ jù kúrò nínú àpòlúkù mi. Dókítà tó ṣe é, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń kí mi bí ọmọ, di ìkúùkù rẹ̀, ó fi hàn mí.

"Bàbá, ohun tó kù nìyí. Díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa jẹ, lemọ́lemọ́. Ẹ má jẹ́ kí inú yín ṣófo pẹ́, ẹ má sì gbàwẹ̀ o."

Mo wo ìkúùkù náà títí. Kò ju òkèlè tí mo máa ń mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Síbẹ̀, mo ṣì ń mí. Wọ́n ti la inú mi bí ẹni la aṣọ, wọ́n gé e, wọ́n rán an padà, mo ṣì wà láyé. Èmi tí mo jẹ́ télọ̀ mọ ohun tí àránpọ̀ ń gbà, ṣùgbọ́n aṣọ kì í fúnra rẹ̀ jinná. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ju bó ti bà mí rí.

Nígbà tí mo padà délé, bí mo bá jẹ òkèlè mẹ́ta péré, òógùn á bò mí, àyà mi á máa lù kìkì, màá ní láti dùbúlẹ̀. Ìyá mi sunkún. Ó ní, "Ṣé ọbẹ̀ mi ni kò dùn mọ́ ni?" Mo rù, èmi fúnra mi sì ni mo jókòó tú gbogbo ṣòkòtò mi, tí mo tún wọn rán kí wọ́n lè kéré. Nínú ohun tí mo gé kúrò lára agbádá mi kan, mo rán bùbá fún àwọn ìbejì mi méjèèjì, ó tún ṣẹ́ kù.

Oṣù àwẹ̀ bá dé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe ikú. Mo ń rò ó pé nígbà tí mo ní odindi ikùn, mo fi ṣòfò. Nísinsìnyí tí mo fẹ́ fi sin Ọlọ́run, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣé Ó ṣì máa kà mí mọ́ tirẹ̀? N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo gbàwẹ̀. Kí ìrun ọ̀sán tó tó, ojú mi ṣú, mo dojú dé orí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyàwó mi gbé ògì wá.

"Bàbá Ìbejì, ẹ mu ún."

"Jẹ́ kí n kú sínú àwẹ̀."

"Ta ló bẹ̀ yín? Ta ni yóò wá rán gbogbo aṣọ Ìtunu tí àwọn èèyàn kó jọ síbí?"

Ó ránṣẹ́ sí àáfà. Bàbá náà jókòó, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Nígbà tí Ọlọ́run ní kí o jẹ díẹ̀, o jẹ púpọ̀. Nígbà tó ní kí o jẹun, o ní o ò jẹ. Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo fẹ́ gbọ́ tirẹ̀?" Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó gbàwẹ̀, kó máa bọ́ aláìní kan lójúmọ́. Ìyá kan ń gbé yàrá kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Má rán ìyàwó rẹ o. Ìwọ ni kí o gbé e lọ."

Bí mo ṣe tún di ẹni tó ń jẹun lẹ́yìn kọ́tìnì nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, nítorí pé mò ń jẹ àjẹjù ni mo ṣe ń sá. Ní báyìí, nítorí pé mò ń jẹun nígbà tí gbogbo èèyàn ń gbàwẹ̀ ni. Ṣíbí ògì kan, màá gbọ́ ẹsẹ̀ oníbàárà, màá gbé abọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ìyá àgbàlagbà náà kò lọ́mọ láyé mọ́. Ó máa ń bá àwọn èèyàn bó ẹ̀gúsí, wọ́n á fún un ní ìwọ̀nba. Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, màá gbé abọ́ síwájú rẹ̀ ní àṣálẹ́, màá yára lọ. Ó wá di ọjọ́ kan, ó pè mí padà.

"Jókòó. Ajá ni wọ́n ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún, tí wọ́n ń bá tiwọn lọ."

Mo jókòó sórí àpótí. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó mu omi, ó ní Bisimilahi, ó bu òkèlè kékeré kan, ó gbé e mì, ó sì dákẹ́, bí ẹni tó ń fetí sí ibi tí oúnjẹ náà ń lọ. Ó wá gbójú sókè. "Kí Ọlọ́run gba àwẹ̀ rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. "Ìyá, n kò gbàwẹ̀. Mo jẹun lónìí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni kò mọ̀? Gbogbo Igbó-Ọrà ló gbọ́ pé wọ́n gé télọ̀ nínú. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, omi ni mo fi ń ṣínu, tí mo bá mu ún tán, màá sùn. Ìpín tèmi ti wà nínú oúnjẹ tìrẹ láti ọjọ́ pípẹ́, kò rọ́nà jáde ni. Bu òkèlè kan kí o bá mi jẹ. Má kánjú."

Mo bu ú. Ìlasà tí mo ti ń jẹ láti kékeré ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé irú wà nínú rẹ̀, pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀, pé ẹnìkan dúró nídìí iná kó tó jinná. Mo jẹ ẹ́ títí tó fi tán lẹ́nu mi. Mo fọwọ́. Mo jókòó, mo ń retí ẹ̀rù àtijọ́. Kò dé.

Ọjọ́ ti pẹ́. Àáfà mi ti lọ, ìyá náà ti lọ, ara tèmi náà ti di ara àgbà, ikùn mi kò sì tóbi sí i. Ẹni tó bá mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Bí oṣù àwẹ̀ bá dé, ìyàwó mi á bu abọ́ kan sọ́tọ̀, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé e. Ẹlòmíràn ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí báyìí. Màá jókòó tì í, màá bu òkèlè mi kan. Bí mo bá fọwọ́ tán, n kì í tètè dìde. Màá dákẹ́ díẹ̀, kí n lè gbọ́ èémí mi bó ṣe ń wọlé, tó ń jáde, tó ráyè.