Funfun Tí Màmá Ò Lè Dárúkọ

Ọ̀rọ̀ bozo, ọtí jéró yìí, ti dojú rú mọ́ Jipara lọ́wọ́. Ìgò kẹta rèé tó ṣí láàárọ̀ yìí tí kò hó, tí kò ru. Bẹ́ẹ̀ ó se jéró náà jinná, ó po ìwúkàrà mọ́ ọn, ó sẹ́ ẹ, ó rọ ọ́ sígò, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Lọ́la ni joro kan ilé wọn, ìyẹn àwọn àgbàlagbà tó ń yí ilé ara wọn ká mu bozo lásìkò òtútù. Bí ọtí bá tẹ́, wọn á dìde lọ sí ilé ẹlòmíràn, wọn á sì máa fi ìyàwó tuntun ṣe yẹ̀yẹ́ títí yìnyín yóò fi yọ́. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà gidi.

Ọwọ́ Batma, ìyá ọkọ rẹ̀, ti ń gbọ̀n, kò lè pọn ọtí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ló jókòó sí tó ń pàṣẹ.

"Ìyàwó, ṣé o bu funfun sí i kó o tó dé e?"

"Mo bu ú, Màmá. Ṣíbí kan nínú ìgò kọ̀ọ̀kan."

"Ó yà mí lẹ́nu o. Bu kún un."

Jipara bu kún un. Àṣejù, baba àṣetẹ́: ọtí tún wá kan gógó.

Ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Ti Batma wá le ju ti gbogbo ayé lọ: bí orúkọ ẹnì kan nínú ẹbí bá jẹ́ orúkọ nǹkan, nǹkan ọ̀hún náà yóò gba ìnagijẹ lẹ́nu rẹ̀. Odò di "asáré", ìkookò di "ahu". Jipara, ọmọ ìgboro, ṣì ń kọ́ wọn ni.

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ Batma àti olórí joro, wọlé wá tọ́ ọtí wò. Ó mu ún, ó tún un mu.

"Agbára wà ńbẹ̀. Ó ti ń kan orí mi. Àmọ́ ó sùn fọnfọn."

"Bàbá, báwo ló ṣe máa ń pani tí kò sì ní hó?"

"Mímu ni tèmi, ọmọ mi. Bi ìyá ọkọ ẹ."

Batma dá a lóhùn: "Inú ìkòkò ni agbára ti ń wá. Inú ìgò tá a dé pa ló ti ń kọ́ híhó, funfun sì loúnjẹ ẹ̀ níbẹ̀!"

"Kò burú," ni Bàbá wí. "Ká kúkú lọ sí ilé ẹlòmíràn lọ́la."

Omijé lé ròrò sí ojú Jipara. "Mo bu ú! Kò tiẹ̀ sí wàrà nílé mọ́!"

"Wàrà kẹ̀? Ta ló ní wàrà?"

"Kí ló tún ń jẹ́ funfun, Màmá?"

"Funfun tó dùn!"

"Wàrà dùn."

"Èyí tí à ń fi sí tíì!"

"Wàrà là ń fi sí tíì!"

"Olúwa ò! Èyí tó máa ń yọ́!"

"Yìnyín?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Jipara ò rẹ́rìn-ín; ó fi aṣọ bojú, ó bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe Batma. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Sheker!" ló pariwo. "Sheker ni, ọmọ yìí!"

Ṣúgà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè wọn. Orúkọ àbísọ Bàbá Àgbà náà nìyẹn, Jipara ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi pè é rí.

Batma fọwọ́ bo ẹnu, ojú tì í. Bàbá rọra gbé abọ́ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, gbogbo ìlú ló ń pè é ní Bàbá.

"Bu ú sí i báyìí, ìyàwó, kó o gbé e sẹ́bàá ààrò," ló wí fún Jipara. "Ibí náà la ó ti pàdé lọ́la."

Ó wá yíjú sí Batma.

"Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, tún un pè."