Mo Lọ sí Kirkstall Nítorí Mojí

Lọ́jọ́ tí ogun wọ ìlú wa, ẹ̀wà ni màmá mi ń sè. Mo rántí dáadáa nítorí ebi ń pa mí, mo sì ń bèèrè ṣáá bóyá ó ti jinná. Kò tíì jinná. Nǹkan kan dún gbàù láti ìhà ibùdó reluwé, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, àwọn adìyẹ sì sá wọ inú ilé. Mo bi màmá mi pé kí nìyẹn. Ó da omi paná, ó pọn Mojí àbúrò mi, ó sì dé ìkòkò ẹ̀wà náà bí ẹni tó ń padà bọ̀ wá jẹ ẹ́. A ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mojí kò tíì pé mẹ́ta. Ìlú kan ní ìhà Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà là ń gbé nítorí iṣẹ́ reluwé tí bàbá wa ń ṣe. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ ti ń kó lọ díẹ̀díẹ̀. Bàbá wa náà lọ sí Èkó láti wá ilé tí a máa kó sí, ó ní òun ń bọ̀ wá mú wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà dí kó tó padà. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwa kì í ṣe arọ, a sì ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ìdí ẹ̀wà ni ogun ká wa mọ́.

Ẹni tó yọ wá ni Màmá Ngozi, ìyàwó tíṣà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ọmọ Ígbò ni, ṣùgbọ́n Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Yorùbá rẹ̀ sì dùn ju tèmi lọ. Ọkọ rẹ̀ ti wọṣẹ́ ṣọ́jà. Ó pọn Ngozi ọmọ rẹ̀ tó ṣì ń mu ọmú, ó fa màmá mi lọ́wọ́ wọ inú èrò tó ń sá lọ lójú títì.

"Ìyá Bísí," ó ní, "láti ìsinsìnyí lọ, odi ni yín. Ẹ má sọ Yorùbá, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí èmi máa bá wọn sọ̀rọ̀."

"Èmi ńkọ́?" ni mo bèèrè.

"Ìwọ gan-an lẹ̀rù ń bà mí fún."

Ó mọ̀ mí. Màmá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń ta ìbéèrè lọ́jà, èmi ni wọn ì bá fi jẹ ìyálọ́jà. Níbi tí àwọn ṣọ́jà ti gbé igi dínà, ọ̀kan nínú wọn na ìbọn sí màmá mi, ó ní kó sọ orúkọ ìlú rẹ̀. Màmá mi ń wo ẹnu rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Màmá Ngozi sọ fún un lédè Ígbò pé ẹ̀gbọ́n òun ni, pé odi ni láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ṣọ́jà náà wá yíjú sí mi. Mo fi eyín há ahọ́n mi títí ó fi ní ká máa kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ni mo tu síta nígbà tí a débi tí wọn ò ti rí wa mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rìn láti abúlé dé abúlé. Màmá mi kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú, ó máa na ọwọ́ sẹ́yìn, á fi ìborùn rẹ̀ bo orí Mojí. Nígbà mìíràn tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí, ó máa rọra sọ ọ́ jáde: "Oòrùn yìí máa pa á." Gbólóhùn yẹn ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ jù nígbà ogun.

Iyọ̀ ló kọ́kọ́ tán, lẹ́yìn rẹ̀ ẹran, lẹ́yìn rẹ̀ ohun gbogbo. A jẹ ẹ̀gẹ́ tí kò gbó, a jẹ ewé tí n kò mọ orúkọ wọn, a jẹ alángbá. Bí bàálù bá dún, a máa dojú bolẹ̀, a ò ní gbé orí sókè títí ó fi lọ. Irun Mojí pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sì sunkún mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí bọ́ǹbù ti ká òrùlé rẹ̀ lọ là ń sùn nígbà náà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni màmá mi fọwọ́ kàn án tí kò mira.

Ẹ̀yin ọmọ tí a bí sókè òkun lè má mọ èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ yéke. Láàárín àwa Yorùbá, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ bá kú, àwọn ẹlòmíràn ló máa gbé e lọ sin, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ han ìyá tàbí bàbá rẹ̀ láéláé. Màmá Ngozi tó dàgbà sí Mọ́kọ́lá mọ̀ ọ́n. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún un. Ó fi aṣọ wé Mojí, ó yá ọkọ́ lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan, ó sì wọ inú igbó lọ. Èmi di màmá mi mú. Nígbà tó padà dé, iyẹ̀pẹ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá.

"Níbo lẹ gbé e lọ?" ni mo bi í.

"Má bèèrè, ọmọ mi. Bí o bá mọ̀, ìyá rẹ máa mọ̀."

Ogun parí. Lọ́jọ́ tí lọ́rì kan fẹ́ gbé wa lọ sílé, màmá mi ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè kó tó tún sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ bá Màmá Ngozi, ó fẹnu sí i létí, ó bi í ní nǹkan. Màmá Ngozi dá a lóhùn ní ṣókí. Màmá mi mi orí, ó nu ojú, ó sì wọ ọkọ̀. Mo bi í pé kí ló bèèrè. Ó ní, "Bísí, sinmi." Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo fi ń bi í lóríṣiríṣi ọ̀nà, ìdáhùn kan náà ló ń fún mi.

Ní Springdale lókè òkun tí mò ń gbé lónìí, ohun tó ń pariwo jù ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀ ni màmá mi ti lo ọjọ́ ogbó rẹ̀. Igi ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí ọkọ mi fẹ́ gé, nítorí ewé rẹ̀ ń dí ọ̀nà omi òrùlé. Lọ́jọ́ tí àwọn agégi dé, màmá mi gbé àga lọ sí ìdí igi náà, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gé òun mọ́ ọn. Àwọn òyìnbó náà wojú ara wọn, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn padà sínú ọkọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ló máa ń wà nígbà ooru títí ọlọ́jọ́ fi dé lọ́dún tó kọjá.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Ngozi pè mí láti ìlú òyìnbó. Ọmọ ọwọ́ ọjọ́sí ti di ìyá àgbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ní àdúgbò kan tó ń jẹ́ Kirkstall ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Leeds.

"Aunty Bísí, if you want to see her, come now," ó ní. "Some days she remembers everything. Other days, inú fridge ló ti ń wá slippers."

Mojí kò ní àwòrán, kò ní òkúta, ẹnì kan ṣoṣo láyé ló sì mọ ibi tí ó wà. Màmá mi ti lọ, èèwọ̀ ti tú. Mo fẹ́ mọ ibẹ̀ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó gbàgbé.

Tọ́lá, ọmọ mi obìnrin, ní òun á sìn mí lọ. A wọ reluwé ní New Carrollton nítòsí wa lọ sí pápákọ̀ òfurufú, bàálù gbé wa dé Lọ́ńdọ̀nù, a sì tún wọ reluwé lọ sí àríwá. "Mummy, who goes to England and skips London?" ló ń sọ. Mo ní èmi ni.

Kirkstall wù mí. Òkúta tí èéfín ti sọ di dúdú ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ibẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn bí àwọn tí òtútù ń mú. Odò kan ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá pápá koríko, nínú pápá náà sì ni ilé ìsìn gàgàrà kan wà tí àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run kọ́ láyé àtijọ́. Ògiri rẹ̀ dúró, kò ní òrùlé. Mo bi ọkùnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn pé ta ló ká òrùlé náà. Ó ní ọba ni. Mo ní ṣé ogun ni. "Not exactly, love," ló wí. Tọ́lá rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọkùnrin ti ń pe ìyá òun ní olólùfẹ́.

Màmá Ngozi mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ohùn Mọ́kọ́lá kò kúrò lọ́fun rẹ̀. "Bísí oníbéèrè," ló wí, ó dì mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá ẹ ńkọ́?"

"Màmá ti lọ sinmi lọ́dún tó kọjá," ni mo wí. "Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ ìsìnkú."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ó sunkún débi pé oúnjẹ ò ṣeé jẹ fún un. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ bi í ní nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, Ngozi kó wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó kọjú sí ilé ìsìn tí kò lórùlé náà. Wọ́n kọ́ òpópónà ayé àtijọ́ sínú ilé, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀tún àti òsì. Mò ń yọjú wo gbogbo fèrèsé nígbà tí Màmá Ngozi fà mí láṣọ. "Màmá ẹ ńkọ́? Ṣé kò bá yín wá ni?" Mo tún sọ ọ́ fún un. Ọ̀fọ̀ náà tún ṣẹ̀ ẹ́ lákọ̀tun, láàárín àwọn àlejò tó ń ya àwòrán, òṣìṣẹ́ kan sì sáré gbé àga wá fún un. Inú mi bàjẹ́. Ó dà bíi pé èmi ni mò ń pa màmá mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Tọ́lá pẹ̀lú Màmá Ngozi rìn gba inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan kọjá, ó di apá mi mú. Obìnrin òyìnbó kan kúnlẹ̀, ó ń tu koríko lórí sàréè kékeré kan tí wọ́n to ohun ìṣeré sí. Ẹ mọ̀ mí, mo bèèrè. Ó ní ọmọ òun ni, pé gbogbo ọjọ́ Sátidé lòun máa ń wá.

Màmá Ngozi dúró. "Ìyá ọmọ náà nìyẹn? Wọ́n fi ibẹ̀ hàn án?" Ó mi orí. "Kò dáa bẹ́ẹ̀."

Abèèrè kì í ṣìnà, mo sì rí ọ̀nà mi. "Màmá, Mojí wa ńkọ́? Níbo lẹ tẹ́ ẹ sí?"

Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé? Mi ò gbàgbé. Àmọ́ mi ò lè sọ ọ́ fún ẹ, Bísí, màmá ẹ ṣì wà láyé. Bí o bá mọ̀, ó máa mọ̀."

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ. Tọ́lá ń wò mí, ó sì mọ̀ ọ́n. Mo wo ojú ìyá àgbà náà, tó ti pa àṣírí màmá mi mọ́ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé, tí ẹ̀rín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sí ẹnu rẹ̀ láti àárọ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, Màmá," ni mo wí. "Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí yín."

Inú rẹ̀ dùn, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà pápá. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tí ògiri tí kò lórùlé náà kọjú sí. Oòrùn ilẹ̀ wọn tí kò mú dáadáa yọ díẹ̀. Màmá Ngozi fi ọwọ́ ṣíji bojú.

"Ṣé màmá ẹ ṣì ń bèèrè?"

"Bèèrè kí ni, Màmá?"

"Ohun tó bi mí lójú títì, nígbà tí ẹ fẹ́ wọ lọ́rì. Ó ní òun ò bèèrè ibẹ̀ o. Ó ní kí n ṣáà sọ fún òun bóyá oòrùn ò ní máa pa á." Ó fọwọ́ lu orúnkún mi. "Sọ fún un pé mo lọ wò ó kí n tó wá sí ìlú òyìnbó. Igi tí mo tẹ́ ẹ sí abẹ́ rẹ̀ ti tóbi gan-an. Oòrùn ò dé ibẹ̀ rárá."

Mo ní mo gbọ́.

Ọ̀sán la padà dé Springdale. Mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo fi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àga màmá mi ṣì wà ní ìdí igi náà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi: "Màmá, Màmá Ngozi ní kí n sọ fún yín pé oòrùn ò dé ibẹ̀." Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ní ilé kejì ti dákẹ́. Mo ṣì fẹ́ mọ ibi tí Mojí wà, mi ò ní purọ́.

Tọ́lá gbé àga mìíràn wá, ó jókòó sí abẹ́ igi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mummy, ẹ sọ nípa Mojí fún mi. From the beginning."

Mo jókòó sórí àga màmá mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò ẹ̀wà.