Wáyà Inú Àpò Ọ̀gá Mi

Ọ̀gá mi kì í fi wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa létí èbúté Kútọnù. Tó bá ń lọ sílé, á ká a sápò. Ó ní ẹ̀yìn èèyàn ni ẹ̀dà tuntun máa ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì yọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ni èdè kọ̀ǹpútà tí ọ̀gá fi kọ ètò tí a fi ń ka kọnténà ti kéde pé irinṣẹ́ tó fi ya àwọn bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ lójú ètò náà kò ní sí nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀.

“Ọ̀gá, ẹ̀rù kí ló ń bà yín?”

“Ilé á wà, ilẹ̀kùn ò ní sí.”

Mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó fi wáyà náà lé mi lọ́wọ́. Mo ṣí ètò náà wò: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, ìkankan ò yé mi.

Àpò mi ni wáyà ń sùn báyìí.