Ibi Gíga Tí Kò Ní Àtẹ̀gùn

Adéríbigbé, bíríkìlà ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé Ìpọ̀nrí, kì í gba ọ̀rọ̀ dídùn gbọ́. Ohun tó bá gbà gbọ́, ọwọ́ ló fi ń kọ́ ọ. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń bá àwọn ará àdúgbò mọ ògiri kékeré sẹ́nu ọ̀nà, ògiri tó ga dé orúnkún, kí omi òjò má bàa wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á gbé ẹsẹ̀, á dá a kọjá.

Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún lọ́dún tó kọjá. Nítorí rẹ̀ ni bàbá náà ṣe mọ ògiri tiwọn ga ju ti gbogbo àdúgbò lọ. Ó dé itan. Ìgbà mẹ́ta ló fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ọláníyì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wá gbàdúrà fún aláìsàn. Díẹ̀ ló kù kó ṣubú níbi tó ti ń dá ògiri kọjá. Ó ní ògiri náà rán òun létí ọ̀rọ̀ Hébérù kan tí wọ́n fi ń pe Ọlọ́run: mísígábù. Odi làwọn èèyàn ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe odi téèyàn ń mọ yí ara rẹ̀ ká. Ibi gíga ni, lórí àpáta, níbi tí ọwọ́ ọ̀tá ò lè tó.

Bàbá bi í bóyá ibẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Ọláníyì rẹ́rìn-ín, ó ní kò ní.

“Tíṣà, ta ló máa gba irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bíríkìlà?”

“Bàbá, èèyàn kì í gùn ún fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń gbé e síbẹ̀ ni.”

“Àwọn wo ló ń gbé e?”

Tíṣà ní Ọlọ́run ni. Bàbá ní ó dáa, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ Làbákẹ́ di ọ̀rọ̀ Hébérù náà mú. Títí ilẹ̀ fi ṣú ló ń fi ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ pè é, tó tún ń pè é, títí ọkọ rẹ̀ fi ní kó jẹ́ kí òun gbádùn.

Ní Ọjọ́rú, òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò dá. Nígbà tó fi di ọ̀sán, gọ́tà ti kún, omi dé ara ògiri, ó dúró síbẹ̀. Inú Adéríbigbé dùn. Ó yíjú padà láti sọ fún ìyàwó rẹ̀, ló bá rí omi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú ihò tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde ló ń gbà wọlé. Ó fi àkísà dí i, ó gbé òkúta lé e. Omi gba ibòmíràn yọ.

Ó gbé Làbákẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Kò lè gbé e dá ògiri kọjá. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e padà sínú yàrá. Ó mú òòlù, ó tún gbé òòlù náà sílẹ̀: tó bá fọ́ ògiri, omi ìta á ya wọlé bá wọn.

Ó ké pe Yẹ̀kínnì, káfíńtà tó ń gbé lókè ilé kan náà. Bàlíkísù ìyàwó Yẹ̀kínnì yọjú, ó ní ọkọ òun lọ sí ọjà Tejuoso, kò tíì dé. Adéríbigbé gbé Làbákẹ́ jókòó sórí tábìlì, ó fi àyà ti ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ń wo omi. Nígbà tí omi bo bẹ́ẹ̀dì, Adéríbigbé ṣíwọ́ kíké pe èèyàn.

Ìrọ̀lẹ́ ni Yẹ̀kínnì dé. Ó la omi kọjá wọlé, ó pọn Làbákẹ́ sẹ́yìn bí ọmọ. Bàbá di ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ mú láti ran Yẹ̀kínnì lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ó mú wa ṣubú.”

Ó fi sílẹ̀. Yẹ̀kínnì gbé e dá ògiri kọjá, ó sì gbé e gun òkè.

Lókè, Bàlíkísù fi aṣọ bo Làbákẹ́ lórí ẹní. Làbákẹ́ ń gbọ̀n fún òtútù. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé kí ni wọ́n máa ṣe báyìí.

“Mi ò mọ̀,” ni Adéríbigbé wí. Òjò ṣì ń rọ̀.